Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: alága ẹgbẹ́ ìlú wa fẹ́ fi WhatsApp yí òfin ìdìbò padà

ỌmọÈkìtìPeckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ òfin àti àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹgbẹ́ pọ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn kà á kọjá.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London ni. A forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú níbí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CIO (Charitable Incorporated Organisation), àwa mẹ́ńbà la sì ń dìbò yan àwọn trustee, ìyẹn àwọn tó ń darí ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ yìí ti ṣe gudugudu méje o, ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́bàá ọjà nílé àwa la gbẹ́ ẹ, àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rówó WAEC san àwa là ń san án, torí ẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ṣe ká mi lára, mi ò fẹ́ kó túká.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń dìbò ni pé ẹni tó bá wá sí ìpàdé ọdọọdún ní họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì á nawọ́ sókè, akọ̀wé á ka ọwọ́, ó tán. Nígbà tí gbogbo wa ṣì wà ní Peckham àti Camberwell kò sí wàhálà níbẹ̀. Ní báyìí àwọn èèyàn wa ti fọ́n ká, òmíì wà ní Leeds, òmíì wà ní Aberdeen, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ò lè fi ṣíìfù Saturday sílẹ̀ torí ìpàdé, so àwọn ojú kan náà ló ń dìbò lọ́dọọdún, àwọn náà ni wọ́n sì ń yan ara wọn.

Alága wá gbé e jáde lórí WhatsApp ẹgbẹ́ lálẹ́ Thursday pé nǹkan mẹ́ta la fẹ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Pé ìbò á di orí fóònù. Pé ẹni tí ò bá lè wá lè fún ẹlòmíì ní proxy kó bá òun dìbò, kò sì sí iye tí ẹnì kan ò lè kó dání. Pé ẹni tí ò bá san owó ẹgbẹ́ ọdún mẹ́ta tó kọjá pé, kò lè dìbò mọ́. Ó wá ṣe poll sábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, ó ní tó bá di alẹ́ Sunday tí bẹ́ẹ̀ ni bá pọ̀ jù, òfin ti yí nìyẹn, òun la sì máa lò fún ìdìbò October. Àwa tí à ń gbìyànjú láti gbé ọ̀dọ́ kan síta fún ipò akápò, ọ̀pọ̀ wa la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó tíì lo ọdún mẹ́ta nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Mo béèrè nínú group pé ṣé bí wọ́n ṣe ń yí òfin padà nìyí, ẹ̀gbọ́n kan ní ṣé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni. Mo dákẹ́. Ohun tó tún mú un le ni pé ọ̀rẹ́ bàbá mi ni alága yìí, òun ló wá gbé mi ní Heathrow lọ́jọ́ tí mo dé, ilé ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sùn. Mi ò rò pé ó ní èrò ibi lọ́kàn. Mo fẹ́ mọ ohun tí òfin wí, mo sì tún fẹ́ mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní máa pè mí ní aláìmoore.

ÀǹtíAkọ̀wé

Pẹ̀lẹ́ o. Mo ti ṣe akọ̀wé charity níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, ṣé o ti ka òfin ẹgbẹ́ yín fúnra ẹ? Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́nu o, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Commission nígbà tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá sí lọ́wọ́ ẹ, béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé yín, mẹ́ńbà ni ẹ́, kì í ṣe nǹkan ìkọ̀kọ̀. Ọ̀pọ̀ CIO ló jẹ́ pé àwòkọ tí Commission gbé jáde ni wọ́n lò, irú méjì ló sì wà, èyí tó jẹ́ pé àwọn trustee nìkan ni mẹ́ńbà, ìyẹn ni foundation, àti èyí tí àwọn mẹ́ńbà tó kù ń dìbò níbẹ̀, ìyẹn ni association. Bí o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, tiyín ni èyí kejì.

Wàyí o, Charities Act 2011 ti sọ bí CIO ṣe ń yí òfin ẹ̀ padà, ọ̀nà méjì péré ló là sílẹ̀. Ẹ lè pe ìpàdé gbogbogbò, kí ìdá 75 nínú 100 ìbò tí wọ́n dì níbẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sì lè má pe ìpàdé, àmọ́ gbogbo mẹ́ńbà pátápátá ló gbọ́dọ̀ gbà, bí ẹyọ ẹnì kan bá ti ní òun ò gbà, kò ṣeé ṣe nìyẹn. Poll WhatsApp kì í ṣe ìpàdé. Nígbà tí kì í ti í ṣe ìpàdé, àfi kó jẹ́ gbogbo yín, kí bẹ́ẹ̀ ni kàn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ ò tó rárá.

Kí o sì mọ èyí dáadáa torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń jà: ìbò tí wọ́n dì là ń ṣírò, a kì í ṣírò àwọn tó jókòó. Bí èèyàn 60 bá wà ní họ́ọ̀lù, tí 40 dìbò, tí 20 káwọ́ gbera, 40 yẹn la máa kà, 30 nínú wọn ló gbọ́dọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí ibi tí alága ti ka àwọn tó dákẹ́ mọ́ àwọn tó gbà, ó ní ẹni tó bá dákẹ́ ti fọwọ́ sí i. Rárá o.

Ìwé ìpè ìpàdé náà, nínú àwòkọ Commission, ọjọ́ 14 gbáko ni, ọjọ́ tí ẹ gbé e jáde àti ọjọ́ ìpàdé ò sí nínú ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ àyípadà tí ẹ fẹ́ ṣe síbẹ̀ kí kálukú kà á kó tó dé. Bó bá wọlé, ẹ ní ọjọ́ 15 láti fi ìpinnu yẹn àti òfin tuntun ránṣẹ́ sí Commission. Òfin ìdìbò ò gba kí Commission kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún yín, àwọn àyípadà tó ń gba ìyẹn ni bíi iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wà fún, àǹfààní tí trustee lè rí níbẹ̀, àti ibi tí dúkìá máa lọ bí ẹgbẹ́ bá kógbá sílé.

Yàtọ̀ sí òfin, ẹ wo poll WhatsApp fúnra ẹ̀ ná. Gbogbo ẹni tó wà nínú group ló ń rí orúkọ ẹni tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni àti ẹni tó tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ta ló fẹ́ tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ lójú alága tó wá gbé e ní Heathrow? Ẹni tó fi nọ́ńbà méjì wà nínú group á dì í lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ilé tí ẹ fi kún group kí wọ́n lè máa rí fọ́tò ńkọ́?

Lórí bí o ṣe máa sọ ọ́, má sọ ọ́ nínú group mọ́. Pè wọ́n lórí fóònù, tàbí kí o lọ kí wọn nílé. Sọ pé Daddy, ẹ jọ̀ọ́ ni o, mo ka òfin wa, mo sì rí i pé bí a bá ṣe é báyìí, ẹni tó bá fìdí rẹmi ní October lè gbé wa lọ sọ́dọ̀ Commission, orúkọ yín ló sì máa wà níbẹ̀. Àgbà tó bá mọ̀ pé orúkọ òun lo ń dáàbò bò á gbọ́.

LọyaBódìjà

Àǹtí ti sọ ti ìlú ọba, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa lọ́yà ní Nàìjíríà, torí a la irú ẹ̀ kọjá lójú gbogbo ayé.

Nínú Nigerian Bar Association, títí dé ìdìbò 2014, dẹ́lígéètì ni àwọn ẹ̀ka ń rán lọ síbi ìbò. Ẹni tó ń du ipò ààrẹ ò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú èmi tí mo ń lọ Iyagankú lójoojúmọ́, àwọn perete tí ẹ̀ka bá yàn ló máa wá. Ní 2015 a yí òfin ẹgbẹ́ padà pé lọ́yà yòówù tó bá ti san owó ẹ̀ á máa fọwọ́ ara ẹ̀ dìbò, wọ́n sì lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2016, orí íntánẹ́ẹ̀tì. A.B. Mahmoud ló wọlé, J.K. Gadzama tí wọ́n jọ díje ò gbà, ó gba kóòtù lọ. 2018, Paul Usoro ní 4,509, Arthur Obi Okafor ní 4,423, ìbò 86 péré ló wà láàárín wọn, ariwo ta, EFCC padà gbé àwọn kan lọ sí kóòtù pé wọ́n fọwọ́ kan ìbò orí ẹ̀rọ náà. 2020 ni ti Olumide Akpata, kì í ṣe SAN, ìyẹn oyè àgbà lọ́yà, ó sì fi 9,891 na SAN méjì, Dele Adesina àti Babatunde Ajibade, mélòó kan nínú wa ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó wà nínú ìwé orúkọ olùdìbò àti ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn tí a ti gbà pé kí gbogbo èèyàn máa dìbò, ìjà ò dá sórí bóyá fóònù dára tàbí kò dára mọ́. Orí ìwé orúkọ ló wà. Ta ni mẹ́ńbà, ta ló ti sanwó, ta ló ní línkì, ta ló mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé dẹ́lígéètì la ṣì ń lò, Akpata ò lè wọlé láéláé, àwọn lọ́yà kéékèèké tí wọn kì í rán níbì kankan ló gbé e wọlé. So mi ò ta ko ìbò orí fóònù o. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé yín pé iṣẹ́ tó ṣòro níbẹ̀ ni ìwé orúkọ, ẹ má sì retí pé ẹ̀rọ máa bá yín ṣe ìyẹn.

Nísinsìnyí ẹ wá wo ti ọdún mẹ́ta tí alága yín gbé wá. Tiwa náà ní gbèdéke: ẹni tí ò bá san owó práktíìsì ẹ̀ tó fi di 31 March, kò lè dìbò ní July. Ó le, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ṣáájú, January lo ti mọ̀, bí o bá fẹ́ dìbò o máa sanwó. Èyí tí alága yín gbé wá yìí, ohun tó ti kọjá ló fẹ́ fi dá èèyàn lẹ́jọ́, kò sí bí ẹni tó dé lọ́dún tó kọjá ṣe máa lọ san owó ọdún tí kò tíì sí nínú ẹgbẹ́. Òfin tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti mọ ẹni tó fẹ́ díje, ẹnì kan lẹ ṣe é fún tàbí ẹnì kan lẹ ṣe é mọ́, kò sí àlàyé kẹta. Ẹ sọ fún wọn pé kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò yìí. Bí wọ́n bá gbà, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé tọkàntọkàn ni.

Fún àwọn tó ń ka èyí láti ilé: bí ẹgbẹ́ yín bá wà lábẹ́ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ má rò pé bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i nínú ìpàdé ó tán. Abẹ́ CAMA 2020, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ó di dandan kí CAC fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ kó tó dúró.

TóbiLeeds

Ẹ má bínú o ẹ̀yin àgbà, èmi ò fara mọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹgbẹ́ tèmi náà sọ pé ẹ jẹ́ ká ṣe é ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká gbé komìtí kalẹ̀, komìtí jókòó títí, gbogbo ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ sì lọ. Nọ́ọ̀sì tó parí ṣíìfù alẹ́ ní Leeds General ò lè wọ kóòṣì wákàtí mẹ́rin márùn-ún lọ sí London torí kó lè nawọ́ sókè, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Bí wọ́n ṣe ń dìbò báyìí gan-an ti yọ àwọn èèyàn kúrò, kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. National Trust, charity tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ níbí, wọ́n ní mẹ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, orí íntánẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà ni wọ́n fi ń dìbò kí ìpàdé tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ẹgbẹ́ ìlú kékeré ò lè ṣe é?

Ohun tí alága yẹn fẹ́ ṣe, apá kan nínú ẹ̀ dára gan-an ni. Ẹ má jẹ́ ká torí pé ọ̀nà tó gbà ò dára ká wá ti ìbò orí fóònù náà ṣubú. Ní tèmi, Ọmọ Èkìtì, gbà á lọ́wọ́ wọn, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ní kí wọ́n ya nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀.

BàbáHouston

Ọmọ mi, mo ń kí ẹ láti Texas. Proxy lèmi fẹ́ bá ẹ sọ torí mo rí i pé àwọn yòókù fò ó.

Níbí, òfin ìpínlẹ̀ Texas fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè sọ pé mẹ́ńbà lè fi ìwé àṣẹ ránni dìbò, àfi bí òfin ẹgbẹ́ bá sọ pé kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn sì ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 11 bí kò bá sọ iye ọjọ́ tiẹ̀. Ó dára fún aláìsàn, ó dára fún ẹni tó rìnrìn àjò. Àmọ́ wo ohun tí mo fojú mi rí nínú ẹgbẹ́ kan. Ọ̀gbẹ́ni kan wọlé síbi ìdìbò pẹ̀lú àpò ìwé lábíyá. Ó jókòó sẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀ kankan látàárọ̀. Nígbà tó tó àkókò ìbò ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé sórí tábìlì, ọ̀kan lórí èkejì, ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo ẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ bírò aláwọ̀ ewé. Àwa tí a wakọ̀ wá láti Dallas, tí a ti jiyàn láti òwúrọ̀, ìbò wa ò tó nǹkan kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò yẹn. Nígbà tí a pe díẹ̀ nínú àwọn tó ni orúkọ, òmíì ní òun rò pé ìwé àdúrà fún olóògbé lòun fọwọ́ sí.

So mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ proxy, ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ gbé ju ti èèyàn méjì lọ. Kí ìwé náà dárúkọ ìpàdé tó wà fún, kí ó sì ní àyè tí ẹni tó ni ín máa kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí fúnra ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kó dé ọwọ́ akọ̀wé ní wákàtí 48 ṣáájú, kí akọ̀wé pe ẹni náà. Bí ìbò orí fóònù bá sì ti wà, mi ò rí ìdí tí ẹ tún fi nílò proxy. Ẹni tó bá lè fọwọ́ sí ìwé fún ẹlòmíì lè tẹ fóònù fúnra ẹ̀. Ọ̀kan ló yẹ kí ẹ mú nínú méjèèjì, alága tó bá fẹ́ méjèèjì pọ̀, mo fẹ́ kó ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún yín.

Ohun kejì, fún àwọn tó wà ní Texas bíi tèmi: ẹ lọ wo òfin ẹgbẹ́ yín lónìí. Bí ẹ ò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn mẹ́ńbà nìkan ló lè yí àwọn òfin kan padà, ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ lè yí bylaws, ìyẹn òfin abẹ́lé ẹgbẹ́, padà láìbéèrè lọ́wọ́ yín, ìpínlẹ̀ gbà wọ́n láàyè. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ò mọ̀.

ÀǹtíAkọ̀wé

Bàbá Houston, ẹ ṣeun sà, àpò ìwé yẹn ba mí lẹ́rù.

Tóbi, mo gbọ́ ẹ, òótọ́ lo sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí náà ń yọ èèyàn kúrò, mi ò bá ẹ jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ o dárúkọ National Trust, jẹ́ kí n parí ìtàn yẹn fún ẹ. Ní 2022 wọ́n gbé nǹkan kan wọ inú fóòmù ìbò wọn, Quick Vote ni wọ́n pè é, bí o bá ti tẹ ibì kan ṣoṣo, gbogbo ìbò ẹ á lọ síbi tí ìgbìmọ̀ àwọn aláṣẹ dábàá, lórí gbogbo ọ̀rọ̀ àti lórí gbogbo olùdíje. Àwọn mẹ́ńbà kan yarí, wọ́n ní àwọn aláṣẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bọ́tìnì fún ara wọn, ní 2023 wọ́n gbé àbá wá síwájú ìpàdé pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, àbá náà ò wọlé. Èmi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe ò bófin mu, ó bófin mu. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ṣe fóòmù ìbò ti ní agbára kan tí ẹlòmíì ò ní, orí fóònù ló sì pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá ń ṣe tiyín, kí ẹni tó ń díje má ṣe jẹ́ ẹni tó ń ṣe fóòmù, kí ẹni tó ń díje má sì mọ password. Ẹ lo àwọn ìkànnì tí wọ́n ṣe fún ìbò, bíi Simply Voting tàbí ElectionBuddy, kálukú á gba línkì tiẹ̀ nínú ímeèlì, línkì náà ò ní ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ sì rántí pé nígbà kòrónà ìjọba fún àwọn CIO láàyè láti pàdé lórí Zoom bí òfin wọn ò tiẹ̀ sọ ọ́, ó parí ní 30 March 2021. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣì ń bá a lọ bí ẹni pé àyè yẹn ṣì wà. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín.

Alájẹṣẹ́kùOǹdó

Ọ̀rọ̀ kúkurú lèmi ní. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tó ní mílíọ̀nù kan lọ́dọ̀ wa àti ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ìbò kan kan ni wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ìgbà àwọn alájẹṣẹ́kù ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844. Gbèsè owó ẹgbẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àfojúdi, àwọn kan ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a máa kọ lẹ́tà sí onígbèsè, a máa fún un ní oṣù mẹ́ta, bó bá san án, kódà kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, orúkọ ẹ̀ ò kúrò. Ẹ má gba ìbò lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò tíì kọ lẹ́tà sí.

ỌmọÈkìtìPeckham

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo fẹ́ sọ ibi tí nǹkan dé.

Mo lọ bá akọ̀wé wa nílé ní New Cross, mo béèrè òfin ẹgbẹ́. Wọ́n gbé e fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ rí, wọ́n ní inú àwọn dùn. Bí Àǹtí ṣe sọ ló rí, àwòkọ Commission ni, ìdá 75 wà níbẹ̀, ọjọ́ 14 wà níbẹ̀. Proxy ò sí níbẹ̀, ìbò orí ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀.

Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé orúkọ. Ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù kan ni, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i, orúkọ lápá òsì, oṣù lápá ọ̀tún, ẹni tó bá san, wọ́n á máàkì í. Bàbá kan tí a sin lọ́dún tó kọjá, orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀, kò sí ìlà kankan lórí ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ nọ́ńbà fóònù àtijọ́ nìkan ló wà níwájú wọn, kò sí ímeèlì. Èyí tó dà mí láàmú jù ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwé náà ni wọ́n kọ Mr & Mrs sí, ìlà kan, owó kan. Mo bi akọ̀wé pé ṣé ìbò kan ni àbí méjì, wọ́n wò mí, wọ́n ní nínú họ́ọ̀lù ọkọ àti ìyàwó máa ń nawọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tó ronú kan ibẹ̀ rí. Lọ́yà, ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn.

Mo lọ kí alága. Mo sọ ọ́ bí Àǹtí ṣe ní kí n sọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n ní ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, mo ka òfin ni, mo wá fi ìwé náà hàn wọ́n, ibi tí ìdá 75 wà. Ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó dára bí ẹnì kan ṣe kà á. Wọ́n ti yọ poll yẹn kúrò ní Saturday, wọ́n sì kọ̀wé sí group pé a máa pe ìpàdé lórí ẹ̀. Wọ́n gbà kí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n gbà kí ti owó ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn October, àmọ́ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣì dúró lé, èmi fẹ́ ọdún kan, ìyẹn á di ohun tí ìpàdé máa pinnu. Lórí proxy wọn ò gbà fún mi rárá o, wọ́n ní àwọn ìyá àgbà tí ò mọ fóònù lò ńkọ́, mi ò sì rí èsì gidi fún wọn.

Ìbéèrè mi tó kù: Mr & Mrs yìí, kí la máa ṣe sí i? Àti pé báwo la ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ àyípadà sínú ìwé ìpè ìpàdé?

BàbáHouston

Ti àwọn ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwé dìbò, kí ẹ fi fóòmù ránṣẹ́ sí wọn nílé pẹ̀lú sítáǹpù, kí wọ́n dá a padà. Ìyẹn ò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé e fún wọn. Inú mi dùn sí ẹ, ọmọ mi.

ÀǹtíAkọ̀wé

Èmi náà fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ, lẹ́tà ló dára jù fún wọn. Kí ẹ ṣáà kọ òun náà sínú òfin.

Mr & Mrs: ẹ wo ibi tí òfin yín ti sọ ẹni tó lè jẹ́ mẹ́ńbà. Nínú àwòkọ yẹn, èèyàn kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ mẹ́ńbà, kò sí mẹ́ńbà tó ń jẹ́ ìdílé, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. So ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn kó tó di ìpàdé, kí ọkọ kọ orúkọ tiẹ̀ kó fọwọ́ sí i, kí ìyàwó kọ tiẹ̀, ímeèlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí owó kan bá tó fún méjèèjì, kí ìpàdé sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ owó nìyẹn, kò kan ìbò. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọkọ gba línkì méjì sórí ímeèlì tiẹ̀ o, mo ti rí i.

Ọ̀rọ̀ àyípadà, kọ ọ́ ṣókí bí èyí, kí lọ́yà kan bá yín tún un ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì torí èdè tí òfin yín wà nìyẹn:

"Pé kí a fi gbólóhùn yìí kún òfin ẹgbẹ́: mẹ́ńbà lè dìbò nínú ìpàdé, tàbí lórí ẹ̀rọ, tàbí nípasẹ̀ lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò díje ni yóò bójú tó ìbò náà, ìwé orúkọ olùdìbò yóò pé, a ó sì fi í han gbogbo mẹ́ńbà, ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú ìdìbò."

Ìyẹn ni àbá àkọ́kọ́. Proxy di àbá kejì, kí alága gbé e wá fúnra wọn kí wọ́n sì sọ iye tí ẹnì kan lè gbé. Owó ẹgbẹ́ di àbá kẹta, kí ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ wà nínú ẹ̀ ní kedere. Ojú ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìbò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí akọ̀wé kọ iye bẹ́ẹ̀ ni àti iye bẹ́ẹ̀ kọ́ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan torí Commission lè béèrè. Bí ẹ bá ti mú ọjọ́ ìpàdé, kọ ọ́ síbí, màá bá ẹ ka ọjọ́ 14 yẹn kó má baà dín.